Bí a ṣe ń ṣètò trigger àti ìyàwòrán lórí kámẹ́rà àyẹ̀wò ọjà nílé iṣẹ́

Bí ọjà bá ń hàn láàárín àwòrán láàárọ̀, tó ń hàn létí àwòrán lọ́sàn-án, tó sì ń gé sí méjì nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná, ẹ fi lẹ́ńsì sílẹ̀ ná. Trigger, ìyẹn àmì tí sẹ́ńsọ̀ ń rán sí kámẹ́rà pé kó yàwòrán nígbà tí ọjà bá gé iná rẹ̀, ni kẹ́ ẹ lọ wò. Kámẹ́rà àyẹ̀wò kì í ya fídíò kalẹ̀ kí ẹnì kan wá máa ṣa ibi tó dáa nínú rẹ̀. Àwòrán kan ló ń yà fún ọjà kan, ní ìgbà tí wọ́n bá ní kó yà á, kò sì sí àǹfààní pé kó tún un yà. Ọjà ti lọ.

Kí kámẹ́rà pẹ́ kó tó yàwòrán kì í ṣe ìṣòro. Bó bá ń pẹ́ níwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ máa kọ sínú ètò rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kó pẹ́ báyìí kó sì yá nígbà mìíràn ni wàhálà, torí kò sí nọ́ńbà tó lè tún ohun tí kò dúró sójú kan ṣe. Ohun kan náà ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lé: kí àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ọjà gé iná sẹ́ńsọ̀ àti ìgbà tí kámẹ́rà la ojú má ṣe máa yí padà.

Àwọn orúkọ ètò tí mo máa lò, irú bíi TriggerMode àti ExposureTime, wá láti inú ìlànà GenICam. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ilé iṣẹ́, yálà ti GigE Vision, tó ń gba okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí ti USB3 Vision, tó ń gba okùn USB, ló ń tẹ̀ lé ìlànà yìí, nítorí náà ẹ ó bá wọn pàdé láìka ẹni tó ṣe kámẹ́rà yín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkan tàbí méjì lè yàtọ̀ díẹ̀. Àkókò inú kámẹ́rà, µs ni wọ́n sábà máa ń fi kà á. Ẹgbẹ̀rún µs ló wà nínú ms kan, ẹgbẹ̀rún ms ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, torí ẹni tó bá kọ 150 nígbà tó yẹ kó kọ 150000 máa jókòó ti kámẹ́rà náà pẹ́.

1. Ẹ gbé rúlà kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Nǹkan mẹ́rin lẹ nílò: bí bẹ́líìtì ṣe ń yára tó, bí ọjà kan ṣe jìnnà sí èyí tó tẹ̀ lé e, bí ibi tí kámẹ́rà ń rí ṣe fẹ̀ tó, àti bí iná sẹ́ńsọ̀ ṣe jìnnà sí àárín ibi tí kámẹ́rà ń rí.

Ẹ má kàn gba iye tó wà lójú ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò gbọ́. Bẹ́líìtì máa ń yọ̀ lórí róólà, pàápàá bó bá ti gbó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí bẹ́líìtì, ẹ wọn mítà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi aago wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí àmì náà lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ṣe é nígbà tí ọjà kún orí bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ tún un ṣe nígbà tó ṣófo. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, a máa lò ó níwájú. Ní ti ibi tí kámẹ́rà ń rí, ẹ gbé rúlà sókè dé ibi tí orí ọjà máa ń wà gan-an, kì í ṣe orí bẹ́líìtì, torí ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ńsì máa ń tóbi sí i lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdérí ìgò ṣe àpẹẹrẹ. Ìdérí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 30 mm. Láti àárín ìkan dé àárín èkejì jẹ́ 80 mm. Bẹ́líìtì ń rin 500 mm nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà ń rí ibi tó fẹ̀ tó 120 mm, àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ píksẹ́lì 2448 ní ìbú, 2048 ní òró. Tí ẹ bá pín 120 sí 2448, píksẹ́lì kan ń dúró fún nǹkan bí 0.049 mm lórí ọjà. Ìdérí tuntun ń dé lẹ́yìn 160 ms, ìyẹn ìdérí mẹ́fà àti díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sára páálí kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn yín máa dúpẹ́.

2. Wáyà

Ibi yìí ni kámẹ́rà ti máa ń jóná, nítorí náà ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun. Sẹ́ńsọ̀ ilé iṣẹ́ sábà máa ń gbé 24 V jáde. Ojú tí kámẹ́rà fi ń gba trigger pín sí oríṣi méjì: èyí tí wọ́n fi optocoupler (ẹ̀yà kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àmì kọjá kí iná má bàa wọ kámẹ́rà tààrà) dáàbò bò, tó lè gba 24 V, àti èyí tó lọ tààrà sínú kámẹ́rà, tí wọ́n máa ń pè ní GPIO, tí kì í fẹ́ ju fóltì kékeré lọ. Bí ẹ bá gbé 24 V wọ GPIO tí kò gbà á, ojú yẹn lè kú, ó sì lè mú kámẹ́rà dání. Inú ìwé kámẹ́rà ni wọ́n máa ń kọ ẹsẹ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan àti fóltì rẹ̀ sí. Ẹ má fi àwọ̀ wáyà mọ̀ ọ́n, torí àwọ̀ wáyà ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì.

Ẹ tún wo bóyá PNP ni sẹ́ńsọ̀ yín àbí NPN. PNP ló ń ti fóltì jáde nígbà tó bá rí nǹkan, òun ló sì rọrùn jù láti so mọ́ ojú tó ní optocoupler. NPN ń fa wáyà wálẹ̀ sí 0 V ni, nítorí náà ó sábà máa ń nílò resistor tó máa gbé wáyà náà sókè nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ò bá ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn èèyàn bá ní kámẹ́rà ò gbọ́ràn, resistor yìí ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ mú wáyà sẹ́ńsọ̀ lọ sínú kámẹ́rà tààrà. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kí gbogbo nǹkan gba inú PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, kọjá, torí ibẹ̀ ni ètò tó kù wà. Ṣùgbọ́n PLC máa ń yí po lórí ètò rẹ̀ ni. Bí àyíká kan bá gba 10 ms, sẹ́ńsọ̀ lè sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àyíká tàbí ní òpin rẹ̀, ìdáhùn á sì fi nǹkan bí 10 ms yàtọ̀ síra. Lórí bẹ́líìtì tiwa, 5 mm nìyẹn, ó lé ní píksẹ́lì ọgọ́rùn-ún. Bí PLC bá nílò àmì náà láti fi ka ọjà, ẹ pín wáyà sẹ́ńsọ̀ sí méjì, ọ̀kan sí kámẹ́rà, ọ̀kan sí PLC. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju PLC lọ, ẹ lo ojú ìwọlé rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún interrupt, tí kì í dúró de àyíká.

Má jẹ́ kí wáyà yìí bá wáyà mọ́tò rìn nínú páìpù kan náà. Inverter tó ń darí mọ́tò máa ń da iná wínníwínní sára ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀, kámẹ́rà á sì kà á sí ọjà.

3. Ẹ tan trigger, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ná

Ẹ ṣí sọ́fítíwíà kámẹ́rà, kẹ́ ẹ dá ìyàwòrán dúró, torí ọ̀pọ̀ ètò kì í ṣí sílẹ̀ fún àtúnṣe nígbà tí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi AcquisitionMode sí Continuous. Ó lè yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé kámẹ́rà á máa wà lójúfò láìdákẹ́, kì í ṣe pé á máa yàwòrán láìdákẹ́. Tí ẹ bá fi sí SingleFrame, á ya ẹyọ kan, á sì lọ sùn.

Lẹ́yìn náà, TriggerSelector. Ẹ yan FrameStart, ìyẹn ni pé trigger kan, àwòrán kan. Ẹ wá fi TriggerMode rẹ̀ sí On. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yan àwọn yòókù tó wà nínú TriggerSelector lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi AcquisitionStart tàbí FrameBurstStart, kẹ́ ẹ rí i pé Off ni TriggerMode tiwọn wà. Ètò tí ẹnì kan ti fi sílẹ̀ ní On níbẹ̀ lè mú kí kámẹ́rà máa dúró de trigger tí kò ní dé láéláé, ojú ewé tí ẹ ń wò ò sì ní sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ fi TriggerSource sí Software, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyàwòrán, kẹ́ ẹ tẹ TriggerSoftware. Àwòrán kan gbọ́dọ̀ wọlé fún títẹ̀ kan. Bó bá wọlé, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ń gbọ́ra yé, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ má ṣe fi software trigger ṣiṣẹ́ gidi lórí bẹ́líìtì o. Kọ̀ǹpútà ní ohun mìíràn tó ń ṣe, ìgbà tó bá ráyè ló máa ń rán àṣẹ náà, ìyàtọ̀ ms mélòó kan kò sì jẹ́ nǹkan lójú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ yí TriggerSource sí Line1, tàbí ojú tí ẹ so sẹ́ńsọ̀ mọ́, kẹ́ ẹ rí i nínú LineSelector àti LineMode pé Input ni ojú náà wà. Ẹ ju ọwọ́ síwájú sẹ́ńsọ̀ kẹ́ ẹ máa wo LineStatus. Ó yẹ kó máa yí láti False sí True. Tí kò bá yí, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, kò sí ètò kan nínú sọ́fítíwíà tó máa tún wáyà ṣe.

TriggerActivation ló kàn. RisingEdge ń yàwòrán nígbà tí fóltì bá gòkè, FallingEdge ń yà á nígbà tó bá wálẹ̀. Pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ PNP tó ń tan nígbà tó bá rí ọjà, RisingEdge ni imú ọjà, FallingEdge ni ìdí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn ń tan nígbà tí kò bá rí nǹkan, tirẹ̀ á wá yí sódì. Èwo ló dára jù? Èmi á mú imú ọjà, torí pé ọjà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ ò ní ba àkókò jẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá máa ń rọ̀ dirodiro níwájú ọjà, irú bí ọ̀rá tàbí okùn, ẹ mú ìdí.

4. Exposure àti ìmọ́lẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń fi gain, ètò tó ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i láìfi iná kún un, bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Ní gbogbo àkókò tí kámẹ́rà fi la ojú, ọjà ṣì ń rìn. Ìwọ̀n tó bá rìn ni àwòrán máa fi fà. Bí ExposureTime, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi la ojú, bá jẹ́ 10000 µs, ìdérí á ti rin 5 mm kí kámẹ́rà tó di ojú, ó sì lé ní píksẹ́lì ọgọ́rùn-ún. Kò sí lẹ́tà kan tẹ́ ẹ lè kà lára rẹ̀. Ní 1000 µs, ó fà ní píksẹ́lì mẹ́wàá, tẹ́ẹ́rẹ́ ìlà tó sán lára ike kò ní hàn. Ohun tí à ń wá ni kó má fà ju píksẹ́lì kan lọ. Ẹ pín 0.049 mm sí 500 mm: 0.000098 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 98 µs. Ẹ kọ 90.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi ExposureAuto àti GainAuto sí Off, kẹ́ ẹ sì fi BalanceWhiteAuto sí Off bó bá jẹ́ kámẹ́rà aláwọ̀. Ètò auto máa ń fi àwòrán tó ti kọjá pinnu èyí tó ń bọ̀. Ìdérí dúdú kan tó bá kọjá lè mú kí funfun mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jáde ní ìmọ́lẹ̀ tó yàtọ̀ síra. Ẹ tún wo ExposureMode, kó wà ní Timed. Bó bá wà ní TriggerWidth, kámẹ́rà á máa la ojú fún gbogbo àkókò tí ìdérí bá fi dí sẹ́ńsọ̀. 60 ms nìyẹn lórí bẹ́líìtì wa, àwòrán á funfun báláú.

Bí ẹ bá ti kọ 90, àwòrán á ṣókùnkùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láti 10000 sí 90, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti dín ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ má sáré lọ sídìí gain. 6 dB kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún gain ń sọ àwòrán di ìlọ́po méjì ní ìmọ́lẹ̀, ó sì ń sọ àmì wínníwínní tí kò sí lára ọjà di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Iná ni kẹ́ ẹ fi kún. Ẹ gbé iná sún mọ́ ọjà. Ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì díẹ̀ sí i: láti f/8 sí f/5.6, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n jíjìn tí nǹkan fi ń hàn kedere á kéré sí i, ìyẹn kò sì ní dùn mọ́ yín bí ọjà yín bá ga tí kò dọ́gba.

Strobe ni ọ̀nà tó dára jù. Iná LED á tàn kìkì ìgbà tí kámẹ́rà bá la ojú, nítorí náà ẹ lè ti iná tó ju agbára ojoojúmọ́ rẹ̀ lọ sínú rẹ̀ fún ìwọ̀nba µs díẹ̀ yẹn, bí ìwé iná náà bá gbà bẹ́ẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé strobe controller ló ń darí rẹ̀. Ìwé náà máa sọ bó ṣe lè pẹ́ tó lójú kan àti bó ṣe gbọ́dọ̀ sinmi tó. Nínú kámẹ́rà, ẹ yan ojú ìjáde kan nínú LineSelector, ẹ fi LineMode rẹ̀ sí Output, kẹ́ ẹ fi LineSource sí ExposureActive.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Ojú ìjáde tó ní optocoupler kì í yára pa, ó lè jẹ mẹ́wàá mẹ́wàá µs kó tó wálẹ̀. Ẹni tó ń fi 10 ms yàwòrán ò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n lára 90 µs, ó tóbi. Torí náà, ẹ jẹ́ kí controller fúnra rẹ̀ pinnu bí iná ṣe máa tàn pẹ́ tó, kó máa wo ìbẹ̀rẹ̀ àmì nìkan, tàbí kẹ́ ẹ lo GPIO tó yára.

Nígbà tí strobe bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ wáyà iná strobe náà kẹ́ ẹ ya ìdérí kan. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ dúdú, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bí ẹ bá ń rí ìdérí nínú rẹ̀, iná òkè àjà tàbí oòrùn ojú fèrèsé ló ń wọlé, àyẹ̀wò yín á sì máa yí padà pẹ̀lú ojú ọjọ́. Ẹ fi páálí dúdú tàbí irin bo ibi ìyàwòrán. Ìbòrí yìí á tún gba ojú àwọn òṣìṣẹ́ là, torí iná tó ń kọ mẹ́fà nínú ìṣẹ́jú àáyá kì í bá gbogbo ara mu, ó lè mú gìrì bá ẹni tí iná kíkọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Nípa shutter: ohun tó ń rìn, global shutter ni, èyí tó ń ya gbogbo ìlà àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Rolling shutter ń ka ìlà àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdérí rogodo á sì jáde ní wíwọ́.

5. TriggerDelay

Èyí ni iye àkókò tí kámẹ́rà á dúró lẹ́yìn trigger kó tó yàwòrán. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná sẹ́ńsọ̀ wà ní 60 mm ṣáájú àárín ibi tí kámẹ́rà ń rí. Nígbà tí imú ìdérí bá gé iná náà, àárín ìdérí ṣì wà ní 15 mm lẹ́yìn, torí pé ìdajì 30 ni. Nítorí náà, ìdérí ní 75 mm láti rìn kí àárín rẹ̀ tó bọ́ sí àárín àwòrán. 75 pín sí 500 jẹ́ 0.15, ìyẹn 150 ms. TriggerDelay á jẹ́ 150000.

Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dára. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, 160 ms ni ìdérí kan fi ń tẹ̀ lé èkejì, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni kì í gba trigger tuntun nígbà tó bá ṣì ń ka delay ti àkọ́kọ́. Ìdérí kan tó bá sún mọ́ ti iwájú rẹ̀ díẹ̀, a ti pàdánù rẹ̀. Ìkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí bẹ́líìtì bá fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i, ìdérí á rin 76.5 mm nínú 150 ms dípò 75. Ó ti fi 1.5 mm yẹ̀, nǹkan bí píksẹ́lì ọgbọ̀n. Ẹ rántí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ rí láàárín bẹ́líìtì tó ṣófo àti èyí tó kún.

Ẹ tú sẹ́ńsọ̀ kẹ́ ẹ sún un mọ́ àárín àwòrán, kó ku 10 mm péré. Ìdérí á wá rin 25 mm, delay á di 50000 µs, bẹ́líìtì tó fi ìdá méjì yára sí i yẹn kò ní fa ju 0.5 mm lọ, píksẹ́lì mẹ́wàá. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni: ẹ rí i pé iná sẹ́ńsọ̀ tàbí irin tó gbé e dúró kò hàn níbi tí ẹ ti ń yẹ ọjà wò.

Bí bẹ́líìtì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń dín ìyára rẹ̀ kù tí wọ́n sì ń fi kún un lójoojúmọ́, kò sí delay àkókò tó máa bá a lọ. Encoder lẹ nílò. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń fara kan bẹ́líìtì, ó ń ka ìrìn dípò àkókò. Kẹ̀kẹ́ tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ 200 mm, tó ń fúnni ní pulse (àmì iná kúkúrú) 1000 fún yíyípo kan, á fún wa ní pulse kan fún 0.2 mm, 25 mm á sì jẹ́ pulse 125. Ẹ fi counter kámẹ́rà kà á bó bá ní in, tàbí kí PLC tó ní counter oníyára kà á. Bẹ́líìtì ì báà sáré, ì báà wọ́, ìdérí á wà lójú kan náà nínú àwòrán.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ yà á wò. Sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ pàápàá máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì, optocoupler náà ní tirẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ fi rúlà rí kò ní bá a mu gẹ́lẹ́. Ẹ wo iye píksẹ́lì tí ìdérí fi yẹ̀ kúrò láàárín, ẹ sọ ọ́ di mm, ẹ pín in sí ìyára bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi kún un. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti tó.

6. LineDebouncerTime

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń sọ fún kámẹ́rà pé àmì tí kò bá pẹ́ tó báyìí, kó má dá a lóhùn. Iná wínníwínní láti ara mọ́tò kì í pẹ́, ìdérí ń dí sẹ́ńsọ̀ fún 60 ms. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 100 µs, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè bí àwòrán òfìfo bá ṣì ń wọlé. 1000 µs ò lè pa ìdérí wa lára. Iye tí ẹ bá kọ síbẹ̀ á kún ìdádúró, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú TriggerDelay.

7. Ẹ wo bóyá kámẹ́rà lè bá bẹ́líìtì lọ

Àwòrán 2448 × 2048 ní Mono8, ìyẹn àwòrán aláìláwọ̀ tó ń lo báìtì kan fún píksẹ́lì kan, jẹ́ nǹkan bí 5 MB. Okùn GigE kan ń gbé nǹkan bí 115 MB nínú ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn àwòrán mẹ́tàlélógún tàbí kó dín díẹ̀. Kámẹ́rà yìí kò lè gba trigger méjì tí kò tó 44 ms síra wọn ní ìtẹ̀léra. 160 ms tiwa ṣì fẹ̀. Bí tiyín bá fún, ẹ dín Height, ìyẹn òró àwòrán, kù kó mú ibi tí ọjà ń gbà nìkan, ìyára á pọ̀ sí i. Ẹ tún yẹ AcquisitionFrameRateEnable wò. Òté tí ẹnì kan fi síbẹ̀ nígbà tó ń dán kámẹ́rà wò lè ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ trigger yín.

Trigger tó bá dé nígbà tí kámẹ́rà ò tíì ṣe tán, jíjù ló ń jù ú nù. Àwọn kámẹ́rà kan ní event tó ń sọ pé trigger kan ti ṣòfò, tàbí ojú ìjáde tó ń fi hàn pé kámẹ́rà ti ṣe tán láti gba òmíràn. Bí tiyín bá ní in, ẹ lò ó.

8. Ọ̀nà àwòrán dé kọ̀ǹpútà

Ẹ fún kámẹ́rà GigE ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ àti àdírẹ́sì IP tí kì í yí padà. Ẹ tan jumbo frame, ìyẹn packet (ìdì dátà) ńlá tó tó nǹkan bí 9000 báìtì, lórí káàdì àti lórí switch bó bá wà láàárín, kẹ́ ẹ wá gbé packet size kámẹ́rà sókè bá a. Bí kámẹ́rà méjì bá ń lo okùn kan, ẹ fi inter-packet delay sí i kí wọ́n má máa gba ọ̀nà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwòrán tó wọlé pẹ̀lú ìlà dúdú tàbí tó ṣẹ́ kù ìdajì, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe ti trigger.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ StreamBufferHandlingMode, tó ń pinnu èwo nínú àwọn àwòrán tó ti wọlé ni sọ́fítíwíà máa kọ́kọ́ mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yan NewestOnly torí ó dà bí ẹni pé òun ló yá jù. Fún àyẹ̀wò ọjà, ó léwu. Bí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ lórí ìdérí kẹrin, tí ìkarùn-ún àti ìkẹfà dé, NewestOnly á ju ìkarùn-ún nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà yẹn lọ, èsì á máa fi ẹyọ kan ṣáájú ọjà, ẹ̀rọ tó ń ta ọjà burúkú nù á sì máa ta èyí tó dára. Ẹ yan OldestFirst, kẹ́ ẹ pèsè buffer (àyè tí àwòrán ń dúró sí nínú kọ̀ǹpútà) tó pọ̀ tó, mẹ́wàá sókè. Ẹ tan ChunkData kí nọ́ńbà àwòrán àti timestamp (àkókò tí kámẹ́rà yà á) máa bá àwòrán kọ̀ọ̀kan wọlé, kí sọ́fítíwíà yín sì máa yẹ nọ́ńbà náà wò. Bí 41 bá tẹ̀ lé 39, kó dá ìlà dúró kó pariwo.

9. Ẹ dán an wò bí ẹni tí kò gbà á gbọ́

Ẹ ka ìdérí 200 sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé wọn gba bẹ́líìtì kọjá ní ìyára iṣẹ́ gidi. Iye tí PLC kà, iye àwòrán tó wọlé àti iye èsì tí sọ́fítíwíà mú jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ 200. 199 kì í ṣe àṣeyọrí.

Ẹ wá ṣí timestamp àwọn àwòrán náà, kẹ́ ẹ yọ ti iwájú kúrò nínú ti ẹ̀yìn. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa rí iye tó wà nítòsí 160 ms. Ibi tí ẹ bá ti rí 320, trigger kan ti sọnù láàárín. Ibi tí ẹ bá ti rí iye tó kéré gan-an, sẹ́ńsọ̀ ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdérí kan: ẹ padà sí debouncer, tàbí kẹ́ ẹ wo bóyá ihò tàbí etí tó ń dán wà lára ọjà tó ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ.

Ẹ tún to àwọn àwòrán náà léra wọn lójú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ máa ṣí wọn kíákíá. Ìdérí tó dúró bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ni à ń wá. Bó bá ń lọ síwá sẹ́yìn, ẹ wo bó ṣe ń lọ. Bó bá ń fò gìrìgìrì láìní ìlànà, PLC tàbí software trigger ṣì wà lójú ọ̀nà àmì náà níbì kan. Bó bá ń rọra yẹ̀ sí apá kan bí bẹ́líìtì ṣe ń kún, ìyára bẹ́líìtì ló ń yí padà, encoder ló kù. Bó bá jẹ́ pé òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ọjà fúnra rẹ̀ ló ń sún lórí bẹ́líìtì, irin atọ́nà ló nílò.

10. Ẹ fi pamọ́ sínú kámẹ́rà

Ohun tí ẹ ti ṣe látìgbà yìí, orí iná ló wà. Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ dá ìyàwòrán dúró, ẹ yan UserSet1 nínú UserSetSelector, ẹ tẹ UserSetSave, kẹ́ ẹ wá fi UserSetDefault sí UserSet1 kó lè jẹ́ òun ni kámẹ́rà á máa jí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tún gbé àwọn ètò náà jáde sínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ọjọ́ tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bá máa pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ iná kámẹ́rà, ẹ kà dé mẹ́wàá, kẹ́ ẹ dá a padà. Láìtíì ṣí sọ́fítíwíà àyẹ̀wò yín, ẹ fi sọ́fítíwíà kámẹ́rà wo TriggerMode, TriggerDelay àti ExposureTime. Bí sọ́fítíwíà àyẹ̀wò yín bá ń kọ ètò tirẹ̀ sínú kámẹ́rà nígbà tó bá ń ṣí, ẹ ṣí òun náà, kẹ́ ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó lè ti pa tiyín rẹ́.